Bọ́ọ̀lù Tó Bọ́ Sáàárín Àna Méjì

Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá tẹ́nìsì ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, orúkọ náà sì bá a mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu. Bí ẹnìkan bá tẹ Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, Jẹ́jẹ́ ló máa tọrọ àforíjì, pé ẹsẹ̀ òun ló gùn jù. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà báǹkì, á di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, á tún dì í mú fún ẹni tó tẹ̀ lé onítọ̀hún, títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi ti báǹkì mọ́ ọn lójú. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, Ìyá Ìbejì ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Òun ló máa ń sọ pé bí ológbò bá gbé ẹran nínú ìkòkò àwọn, ọkọ òun á bá a wá àwo.

Láàárọ̀, Jẹ́jẹ́ a máa kọ́ àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì bí a ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, ní pápá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, kì í dárúkọ èyí. Á wolẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Mò ń gbá tẹ́nìsì. Ẹlẹ́ni méjì." Òótọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ àwọn tó ń fi tẹ́nìsì ẹlẹ́ni méjì jẹun lágbàáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí ó ti máa ń rẹ ẹni tó ń kà á kó tó débẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọdé ṣe nífẹ̀ẹ́ òjò. Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kó máa gbá a lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kọ̀.

Ẹnìkejì rẹ̀ lórí pápá ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pá. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ẹni tí Jẹ́jẹ́ ń bá gbá tẹ́lẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹni tí Ọ̀pá ń bá gbá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn méjèèjì wá dà bí opó tó ń gbé àdúgbò kan náà, Ìyá Ìbejì ló sì so wọ́n pọ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn sí i. Ọwọ́ Ọ̀pá gùn débi pé bó bá dúró nídìí àwọ̀n, ẹ̀fọn pàápàá á rò ó kó tó kọjá. Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ sì yá. Kò sí bọ́ọ̀lù tó jìnnà tí kì í lé bá. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọwọ́ méjì tó bá ń bẹ ara wọn pé "ìwọ máa lọ ṣáájú" kò ní sọ àyà kankan.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Nínú tẹ́nìsì ẹlẹ́ni méjì, ẹnìkan ń ṣọ́ ọ̀tún, ẹnìkan ń ṣọ́ òsì. Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni bọ́ọ̀lù tó bá gba àárín wọn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ké pé "Tèmi!", kí èkejì yà fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Àwọn ìbejì Jẹ́jẹ́, tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ń pariwo rẹ̀ láti àárọ̀ títí oorun á fi gbé wọn lọ: tèmi ni ṣíbí, tèmi ni ìrọ̀rí, tèmi ni Mọ́mì. Ṣùgbọ́n bàbá wọn kò lè sọ ọ́ lójú Ọ̀pá. Nígbà tó wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́sí, Bàbá ìyàwó rẹ̀ fárígá pé òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kiri bí ajá. Ọ̀pá ló bẹ Bàbá títí tó fi gbà. Báwo lèèyàn ṣe máa já nǹkan gbà mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ọ̀pá náà ní èrò tirẹ̀. Ó gbà pé bí òun bá ń ja ọkọ àbúrò òun lólè níwájú èrò, wọ́n á ní àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ ń gùn ún bí ẹṣin. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá ti gba àárín, àwọn méjèèjì á yẹ̀bá, wọ́n á wò ó tó ń kọjá bí ẹni ń wo mọ́tò ìjọba, wọ́n á wá kọjú síra wọn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa gbà á."

"Rárá o, àna mi. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù, sà."

"Ìwọ lẹsẹ̀ rẹ yá jù."

Àwọn alátakò wọn á ti mu omi tán kí wọ́n tó parí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò tí wọ́n jọ sùn sí yàrá kan ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á máa bẹ ara wọn láti kọ́kọ́ wẹ̀, títí aago á fi lù tí àwọn méjèèjì á fi ìpin ojú jáde lọ sí pápá. Lífìtì á ṣí, ọ̀kan á ní kí èkejì wọlé, èkejì á ní ó tì o. Lífìtì á dúró, á sú u, á pa ẹnu rẹ̀ dé, á bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti pawọ́ pọ̀, wọn ò tíì kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdíje kankan.

Nígbà náà ni ìdíje ńlá kan dé sí ìlú wọn. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fún wọn láyè kan nítorí pé ọmọ ìlú ni wọ́n, Jẹ́jẹ́ sì mọ̀ pé àyè ìkẹyìn ni. Bí wọ́n bá tún fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ á já bọ́ kúrò nísàlẹ̀ tó wà, kò sì ní sí ìdíje tó máa ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Ọ̀pá ò níṣòro. Ilé ìwé kan ti ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn. Ibì kan ṣoṣo ló ń dúró de Jẹ́jẹ́: ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ìyàwó rẹ̀ ti ń ta bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá fúnra rẹ̀ wá sílé láti sọ ọ́. Ó jókòó, ó gba omi, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ dáadáa.

"Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹ́. Irú ẹ ló yẹ bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Iṣẹ́ náà ò le rárá. O ò tiẹ̀ ní bá oníbàárà sọ̀rọ̀. O kàn máa dùbúlẹ̀ sórí fóòmù tó wà nídìí wíńdò, wàá dijú. Àwọn tó ń kọjá á rí ẹ, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n, wọ́n á wọlé wá rà."

"Láti àárọ̀, Bàbá?"

"O lè yí ẹ̀gbẹ́ padà lọ́sàn-án."

"Bí a bá wá borí ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá wò ó tàánú-tàánú. "Bẹ́ ẹ bá borí, màá gbẹ́nu dákẹ́, n kò sì ní dárúkọ bẹ́ẹ̀dì létí ẹ mọ́. Bẹ́ ẹ bá pàdánù, Mọ́ńdè lo máa bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ ò lè wo bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lójú mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbá ayò àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ wá jẹun. Oúnjẹ kún tábìlì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó, ẹran kan ṣoṣo ló wà nínú àwo ọbẹ̀. Ó tóbi, ó ń dán, àárín gbùngbùn ló sì jókòó sí. Gbogbo wọn wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Rárá, àna mi. Ìwọ lo nilé."

"Ẹ̀yin làlejò, sà."

"Ìwọ lo máa ṣiṣẹ́ lọ́la."

"A jọ máa ṣiṣẹ́ lọ́la ni, sà."

Ìyá Ìbejì fi ṣíbí lu tábìlì bó ṣe máa ń lù ú fún àwọn ọmọ tí kò fẹ́ lo oògùn. "Ẹ gbọ́. Ẹran yìí ni bọ́ọ̀lù. Àárín ló wà. Mo fẹ́ kí ẹnìkan nínú yín sọ pé tèmi ni, kó sì mú un. Kò sẹ́ni tó máa dìde níbí títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀."

"Lójú tèmi?" ni ìyá rẹ̀ ké. "Kí ọkọ ọmọ nawọ́ sẹ́ran ṣáájú àkọ́bí mi?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló ń pa wọ́n lórí pápá." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́."

Òógùn bo Jẹ́jẹ́. Ó la ẹnu. "Tè..." Ó wo Ọ̀pá. "Tè..." Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti ká ọwọ́ lẹ́rán. Ó rẹ orí sílẹ̀. "Ṣé a ò kúkú lè gé e sí méjì?"

Kí ìyàwó rẹ̀ tó fèsì, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti gun àga. "Tèmi ni!" ló pariwo, ó sì ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀. "Tèmi ni!" ni èkejì náà pariwo, ó di ìdí ẹran mú. Wọ́n fà á, ẹran bọ́, ó fò kọjá orí ìyọ̀, ó sì balẹ̀ sórí itan Bàbá. Bàbá mú un, ó fẹ́ ẹ, ó bù ú jẹ.

"Mọ́ńdè," ló wí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Pápá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fi wọ́n sí lọ́jọ́ kejì, níbi tí èèfín mọ́tò ti ń bá èèyàn wòran. Ìdílé náà jókòó síwájú pátápátá. Àwọn tí wọ́n fẹ́ bá gbá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n jọ dàgbà, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. "Tèmi! Yà!" "Yà lọ síbo? Mo ní tèmi!" "Ìwọ òmùgọ̀ yìí, o gbá a síta!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba àmì. Jẹ́jẹ́ ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọlọ́rọ̀ tó ń náwó.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi rí ojú ọ̀nà. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá, àárín ni wọ́n ń gbá a sí. Òfin ìdíje náà ni pé bí ìhà méjèèjì bá dọ́gba ní àmì mẹ́ta-mẹ́ta nínú ọ̀kan lára àwọn ayò kéékèèké tó para pọ̀ di sẹ́ẹ̀tì, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n á fi parí rẹ̀, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù ni yóò sì yan ẹni tó máa gbà á láàárín ara wọn. Ẹni tó ṣe òfin yìí kò mọ̀ pé àna méjì lè débẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ ni, àna mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọwọ́ yín ló gùn."

Rẹfirí, obìnrin onígíláàsì kan tó jókòó sórí àga gíga, tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀yin bàbá, ta ló ń gbà á?"

Jẹ́jẹ́ nàka sí Ọ̀pá. Ọ̀pá nàka sí Jẹ́jẹ́. Rẹfirí kìlọ̀ fún wọn pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Ẹnìkan láàárín èrò kígbe pé, "Ẹ bá wọn gbé tábìlì wá, kí wọ́n ṣèpàdé!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá, tó ń fojú wọn Jẹ́jẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wá fóòmù tó máa gbà á. Bí wọ́n ṣe pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti sinmi, Ọ̀pá fi táwẹ́ẹ̀lì nu ojú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le.

"Àna mi, kí lo rò pé mo torí ẹ̀ bẹ Bàbá fún ẹ nígbà yẹn? Kó o lè máa pè mí ní sà? Mo rí bó o ṣe ń lé bọ́ọ̀lù, mo ní ọkùnrin yìí ò ní jẹ́ kí ohun tó bá fẹ́ràn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ wá jókòó síbí, ò ń jẹ́ kó máa kọjá!"

Jẹ́jẹ́ wo bàtà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò rán níṣẹ́.

"Ẹ̀yin náà ń jẹ́ kó kọjá, sà."

Ọ̀pá yí orí padà. Látọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, Jẹ́jẹ́ kò dá a lóhùn báyìí rí. "Kí lo sọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ní ẹ̀yin náà ń jẹ́ kó kọjá."

Ọ̀pá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ó lẹ́nu! Dìde, kí ẹnu yẹn tó tutù."

"Tèmi" àkọ́kọ́ tí Jẹ́jẹ́ ké nínú sẹ́ẹ̀tì kejì dà bí ìgbà téèyàn ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n Ọ̀pá gbọ́ ọ, ó yà, bọ́ọ̀lù náà sì wọlé. Èkejì ni, "Tèmi, ẹ jọ̀ọ́!" Ẹ̀kẹta ni, "Tèmi, ẹ forí jì mí!", rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì gba fìlà Ọ̀pá dànù lórí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ di orí mú, ó ní, "Ó ti pa á!" Ọ̀pá ṣa fìlà rẹ̀, ó ní, "Tún un ṣe." Nígbà tó yá, ẹ jọ̀ọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ forí jì mí náà bọ́ sílẹ̀, "Tèmi!" nìkan ló kù, ó ń dún débi pé ẹni tó ń wá àyè gbọ́kọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá rò pé òun ni wọ́n ń bá wí, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò. Ọ̀pá náà kó ìtìjú rẹ̀ tì, ó ń ké tirẹ̀. Wọ́n gba sẹ́ẹ̀tì kejì.

Ó wá ku ìparí. Dípò sẹ́ẹ̀tì kẹta, ìhà tó bá kọ́kọ́ ní àmì mẹ́wàá, tó sì fi méjì ju èkejì lọ, ló borí. Wọ́n gbá a títí àwọn àna fi ní mẹ́sàn-án, tí àwọn ọ̀dọ́ ní mẹ́jọ. Ó ku ẹyọ kan. Àwọn ọ̀dọ́ náà rí i pé àwọn àna ti sún mọ́ àwọ̀n jù, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù sókè réré. Ó gòkè, ó dúró, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Àárín ni.

"Tèmi!" ni Jẹ́jẹ́ ké.

"Tèmi!" ni Ọ̀pá ké.

Àwọn méjèèjì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Rákẹ́ẹ̀tì kọlu rákẹ́ẹ̀tì, gbàù! Bọ́ọ̀lù fò jẹ́jẹ́ sórí àwọ̀n, ó jókòó síbẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó sì bọ́ sí òdì kejì. Kò ta mọ́. Èrò pariwo, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ti nawọ́ sókè.

"Àwọn méjèèjì ló gbá a! Kò wọlé! Àwọn méjèèjì ni!"

Òótọ́ ni pé ẹnìkan ṣoṣo lòfin gbà láyè láti gbá bọ́ọ̀lù. Rákẹ́ẹ̀tì lè kọlu ara wọn bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá kan bọ́ọ̀lù, àmì náà á lọ sí òdì kejì, ọ̀rọ̀ á sì di mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Rẹfirí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ó bi àwọn àna léèrè.

"Ta ló gbá a?"

Ọ̀pá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mi ò kàn án, mádàámù. Mo ní tèmi, mo na ọwọ́, ọkùnrin yìí já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Jẹ́jẹ́. Ó mọ òtítọ́. Bí bọ́ọ̀lù náà ṣe kan rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi iyì fún àgbà láti kékeré, ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n ni" ti múra tán lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó fẹ́ jáde. Bó bá sì jáde, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á ta kora, rẹfirí á sì gbà pé àwọn méjèèjì ló kàn án. Jẹ́jẹ́ gbójú sókè, ó rí Bàbá. Ó rí wíńdò, ó rí fóòmù, ó rí ara rẹ̀ tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lọ́sàn-án.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni! Èmi ni mo gbá a! Tèmi ni! Láti òkè lọ́hùn-ún ni mo ti rí i pé tèmi ni! Ẹ̀gbọ́n ò kàn án, mi ò gbà kí wọ́n kàn án!"

Rẹfirí fún wọn ní àmì náà. Àwọn ọ̀dọ́ wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, Ìyá Ìbejì ti gun orí ìjókòó, Jẹ́jẹ́ kò sì tíì dákẹ́. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́, ó ń ṣàlàyé fún ẹni tó ń gbá ilẹ̀ pápá, pé tirẹ̀ ni, títí Ọ̀pá fi gbé e léjìká jáde bí ẹní gbé fóòmù.

Ilé Bàbá ni wọ́n ti jẹun nírọ̀lẹ́. Bàbá gbẹ́nu dákẹ́ bó ṣe ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mí kanlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ṣèèṣì dárúkọ oorun. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìpele kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun, ó sì ku ẹran kan láàárín àwo.

Ara Jẹ́jẹ́ ṣì gbóná. "Tèmi," ló wí, ó sì nawọ́.

Fọ́ọ̀kì Ọ̀pá ti dúró lórí ẹran náà. "Orí pápá nìyẹn, àna mi. Níbí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ ni mí."

Ìyá ìyàwó rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà wéré. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ máa mú un."

Ọ̀pá wo ẹran, ó wo Jẹ́jẹ́, àánú sì ṣe é. Ó gbé fọ́ọ̀kì kúrò. "Ó dáa, ìwọ mú un. Ìwọ lo borí lónìí."

"Rárá, sà. A jọ borí ni. Ẹ̀yin ni."

"Ìwọ ni, mo ní."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ìyá Ìbejì fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Tèmi ni," ló wí, ó sì jẹ ẹ́.